Ìró 1202 nígbà tí Apollo 11 ń balẹ̀: ṣé kọ̀ǹpútà náà dákú ni?

Adéògo_K:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwa ọ̀rẹ́, mo sì gbé e wá síbí kí àwọn tó mọ inú ẹ̀rọ náà bá wa dá sí i. Ẹnì kan ní nígbà tí Apollo 11 ń balẹ̀ sórí òṣùpá lọ́jọ́ 20 oṣù keje ọdún 1969, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, ìyẹn AGC, dákú lẹ́ẹ̀marùn-ún, pé ọwọ́ lásán ni Neil Armstrong fi gbé ọkọ̀ balẹ̀. Òmíràn ní Buzz Aldrin ló gbàgbé súwíìsì kan. Kí ni 1202 yìí gan-an? Kí ló fà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye àti ìdí tì í lẹ́yìn.

Olóòfà:

Adéògo, o kú ìbéèrè. Jẹ́ ká ti ara ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ bí inú rẹ̀ ṣe há tó kò ní í mọ ohun tí 1202 ń wí.

Instrumentation Laboratory ti MIT ló gbèrò rẹ̀, Raytheon ló ṣe é ní Waltham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Méjì ló lọ sí òṣùpá lẹ́ẹ̀kan: ọ̀kan nínú Columbia tó ń yí òṣùpá po, ọ̀kan nínú Eagle tó balẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó kílò 32, ó sì ń jẹ iná bíi wáàtì 55 lórí fóltì 28. Nǹkan bí 2,800 IC (ègé kékeré tí wọ́n kó ẹ̀yà iná jọ sí) ló wà nínú rẹ̀, irú kan náà ni gbogbo wọn: NOR gate méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀yà tó ń mú 1 jáde kìkì nígbà tí gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀ bá jẹ́ 0. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ irú ẹyọ kan ṣoṣo lò ń rà, gbogbo agbára rẹ lo máa fi dán ẹyọ yẹn wò títí wàá fi mọ ohun tó máa ń bà á jẹ́.

Ọ̀nà méjì ni ìrántí rẹ̀ pín sí. Èyí tó ṣeé pa rẹ́, tó sì ṣeé tún kọ, gba ọ̀rọ̀ 2,048. Èyí tí kò ṣeé yí padà, tí ètò fúnra rẹ̀ wà, gba ọ̀rọ̀ 36,864. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 15 (bíìtì kan jẹ́ 0 tàbí 1), pẹ̀lú bíìtì kẹrìndínlógún tó ń ṣọ́ wọn bóyá ọ̀kan ti yí. Bí a bá ṣírò rẹ̀ sí báìtì, èyí tó ṣeé kọ kò ju 3,840 lọ. Ìjíròrò tí à ń ṣe yìí nìkan kò ní í gba inú rẹ̀.

Èyí tí kò ṣeé yí padà ló wù mí jù, torí híhun ni wọ́n hun ún. Àwọn obìnrin ló hun ún ní Raytheon, púpọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ aṣọ tàbí ti aago rí. Ẹ̀rọ kan tí téèpù oníhò ń darí máa gbé òrùka òòfà tó kàn wá síwájú ihò kan. Obìnrin náà á wá fi abẹ́rẹ́ tó ní wáyà lẹ́yìn gba ibẹ̀ kọjá. Wáyà tó bá gba inú òrùka kọjá jẹ́ 1. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá jẹ́ 0. Wáyà 192 ló ń bá òrùka kọ̀ọ̀kan pàdé, ìyẹn ọ̀rọ̀ 12 lọ́nà bíìtì 16. Òrùka 512 wà nínú pátákó kan, pátákó 6 wà nínú kọ̀ǹpútà kan. Ẹ fi 6 sọ 512 di púpọ̀, kí ẹ tún fi 12 sọ ọ́: 36,864 ló máa jáde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ike lé gbogbo rẹ̀ kó lè le. Ìyẹn ni pé bí o bá rí àṣìṣe nínú ètò lẹ́yìn tí wọ́n ti hun ún tán, kò sí àtúnṣe mọ́ àfi kí wọ́n hun pátákó mìíràn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i lórí Apollo 14.

Tọ́pẹ́_V37:

Ẹ̀gbọ́n Olóòfà, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, ìyára rẹ̀ ńkọ́? Mo rí 2 MHz níbì kan, mo rí 1 MHz níbòmíràn.

Olóòfà:

Méjèèjì tọ̀nà. Kírísítálì rẹ̀ ń lù ní 2.048 MHz, wọ́n pín in sí méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n iye tó yẹ kí o dì mú ni ti ìyípo ìrántí: ìdá 11.7 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohunkóhun tí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ ṣe, iye ìyípo ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ìròpọ̀ kan gba ìyípo méjì. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bí ìyípo 85,000 ló ní láti ná, kò sí gbèsè níbẹ̀.

Àìná_Bíìtì:

Ìyípo yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ 1202 dá lé.

Kò sí iṣẹ́ kan tó ń ṣe tán kí òmíràn tó bọ́ sí i nínú AGC. Hal Laning ló gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Executive: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ipò rẹ̀, èyí tí ipò rẹ̀ ga jù ló ń wà lórí ẹ̀rọ, àwọn yòókù á dúró dè é. Ọgbọ́n kejì, Waitlist, wà fún iṣẹ́ kéékèèké tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan pàtó.

Iṣẹ́ tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní ìjókòó. Ìjókòó kékeré, tí wọ́n ń pè ní core set, jẹ́ ọ̀rọ̀ 12. Iṣẹ́ tó ní ìṣirò ńlá á tún gba VAC, ọ̀rọ̀ 44. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé tí core set ti tán, ìró 1202 nìyẹn. Bí VAC ló tán, 1201 ni. Torí náà, ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń sọ kò ju pé: "Ìjókòó ti kún."

Kí ló wá kún un? Nígbà ìbalẹ̀, iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ SERVICER máa ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì. Ó ń ka bí ọkọ̀ ṣe ń yára, ó ń ṣírò ibi tí ọkọ̀ wà, ó ń sọ fún ẹ̀ńjìnnì bí yóò ṣe tì tó. Ó yẹ kó parí kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó pé. Bí kò bá parí, SERVICER tuntun á tún wọlé, á gba ìjókòó tirẹ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì jókòó. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà díẹ̀ léraléra, kò ní í sí ìjókòó mọ́.

Adéògo_K:

Ó yé mi, Àǹtí Àìná. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí SERVICER kò fi parí? Ṣebí wọ́n ti dán an wò nílé.

Àìná_Bíìtì:

Rédà ni. Ọkọ̀ ìbalẹ̀ ní rédà méjì: ọ̀kan ń wo ilẹ̀ òṣùpá, èkejì ń wá Columbia bí wọ́n bá fẹ́ padà lọ pàdé rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ti ìpàdé yìí wà ní títàn nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, kó lè wà ní sẹpẹ́ bí wọ́n bá ní láti sá padà sókè. Súwíìsì rẹ̀ kò sí ní ipò LGC (orúkọ AGC ti inú Eagle), tó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń darí rédà náà lákòókò yẹn.

Iná 800 Hz ni wọ́n fi ń mọ igun tí ojú rédà dojú kọ. Bí súwíìsì bá wà ní ipò yẹn, iná ọ̀hún ń wá láti orísun kan, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ka igun fún kọ̀ǹpútà ń fi iná 800 Hz láti orísun mìíràn wé e. Ìwé àdéhùn láàárín àwọn tó ṣe ẹ̀rọ méjèèjì ní kí ìyára iná méjèèjì bára mu. Ó bára mu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n máa gòkè, kí wọ́n máa sọ̀ lásìkò kan náà. Ẹ wo onílù méjì tí ìlù wọn yára dọ́gba, àmọ́ tí ọwọ́ ọ̀kan ti balẹ̀ nígbà tí ọwọ́ èkejì ṣì wà lókè.

Nítorí náà, igun tí kò ní ìtumọ̀ ni ẹ̀rọ náà rí. Ó ń sáré síwá sẹ́yìn láti bá a, ní ìyára tó ga jù lọ tó ní: ìgbà 6,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún igun kan. Igun méjì ló wà, 12,800 nìyẹn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá fi ọ̀kan kún tàbí tó yọ ọ̀kan kúrò, ó ń jí ìyípo ìrántí kan gbé lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà láìbéèrè. 12,800 lọ́nà 11.7 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150,000 nínú mílíọ̀nù kan: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àkókò kọ̀ǹpútà, tó ń ṣòfò lórí rédà tí ẹnikẹ́ni kò lò. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìyẹn lọ.

Bàbá_Jaírò:

Ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fi kan kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá Aldrin lẹ́bi. Òun ló tẹ VERB 16 NOUN 68 (V16N68 ní kúkúrú: VERB ni àṣẹ, NOUN ni ohun tí àṣẹ náà kàn) lórí DSKY, ìyẹn bọ́tìnnì àti ojú kọ̀ǹpútà náà, láti máa wo ìyàtọ̀ láàárín gíga tí rédà ilẹ̀ ń sọ àti èyí tí kọ̀ǹpútà ṣírò. Ìwòran yẹn fi nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún kún ẹrù. Ìyẹn ló mú kí 1202 àkọ́kọ́ dún. Aldrin gan-an kíyè sí i pé ìgbà tí òun bá ń wo N68 ló ń ṣẹlẹ̀, ó sì sọ ọ́ jáde lórí rédíò. Houston, ibùdó tó ń darí wọn láti ayé, ní kó fi í sílẹ̀, àwọn á máa bá a ka nọ́ńbà náà láti ilẹ̀. N68 jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀, ipò súwíìsì sì wà nínú ìlànà tí wọ́n fún un. Kò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká máa bá a gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìró márùn-ún ló dún lápapọ̀, 1202 mẹ́rin àti 1201 kan. Méjì ní P63 (P dúró fún ètò, nọ́ńbà rẹ̀ ló tẹ̀ lé e), tí ẹ̀ńjìnnì ń dá ìyára ọkọ̀ dúró. Mẹ́ta ní P64, nígbà tí Armstrong ń wo ilẹ̀ tó fẹ́ bà lé, torí ìṣirò P64 tún wúwo ju ti P63 lọ.

Adéògo_K:

Tí ìjókòó bá kún, kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe? Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní dídákú, àbí?

Àìná_Bíìtì:

Ibi tó dùn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, Adéògo. Kò dákú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ da gbogbo ohun tó wà lórí àga nù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Bí ètò náà ṣe ń lọ, iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì máa ń kọ ibi tó dé sínú àtẹ kan nínú ìrántí, bí ẹni ń fi ọ̀já sí ojú ìwé tó kà dé. Bí 1202 bá dún, ètò tó ń jẹ́ BAILOUT á pa gbogbo ìtò Executive àti Waitlist rẹ́, á wá lọ ka àtẹ yẹn. Iṣẹ́ tó bá ní orúkọ níbẹ̀ á padà láti ibi tó kù sí: SERVICER kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́ta tó ti tò jọ, àti ètò tó ń mú ọkọ̀ dúró ṣánṣán. Iṣẹ́ tí kò ní orúkọ níbẹ̀ kò ní í padà. V16N68 tí Aldrin tẹ̀ kò ní orúkọ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pòórá lójú DSKY nígbà tí ìró dún. Ẹ̀ńjìnnì kò kú, ọkọ̀ kò ṣe gọ̀ọ́gọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀ parí láàárín ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá.

Ní Houston, Steve Bales ló ní láti sọ bóyá kí wọ́n máa lọ tàbí kí wọ́n padà. Nígbà ìdánrawò kan tó ṣáájú, irú ìró bẹ́ẹ̀ dún, wọ́n sì fagi lé ìbalẹ̀ nígbà tí kò yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Jack Garman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní NASA, fi ọwọ́ kọ àkọsílẹ̀ gbogbo ìró tí kọ̀ǹpútà náà lè mú jáde àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ohun tó wà níbẹ̀ fún 1202 ni pé, bí kò bá ń dún láìdúró, ẹ máa lọ. Àkọsílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ìdáhùn yá.

Lórí "ọwọ́ lásán" náà: nígbà tí Armstrong rí àpáta níwájú, P66 ló bọ́ sí. Nínú P66, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọkọ̀ ṣe máa tẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń tan àwọn ẹ̀ńjìnnì kéékèèké. Súwíìsì kan tún wà tó ń yí ìyára ìsọ̀kalẹ̀ padà ní ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìṣẹ́jú àáyá fún ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìyókù pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì ńlá. Láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ìgbà tí AGC fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Bàbá_Jaírò:

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí èèyàn tẹ̀ wá, torí òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ.

Gemini ṣáájú Apollo, IBM ló ṣe kọ̀ǹpútà tirẹ̀. (Kánò ní ibùdó tó ń tọpa ọkọ̀ Mercury àti Gemini, fún àwọn tí kò mọ̀ pé ìtàn yìí kan Nàìjíríà.) Ní oṣù kẹjọ 1965, Gemini 5 padà wálé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì já sí omi ní nǹkan bíi kìlómítà 130 ṣáájú ibi tí wọ́n ń retí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ṣe àṣìṣe kankan. Nọ́ńbà yíyí ayé tí wọ́n fún un ni 360 digiríì ní wákàtí 24. Bí a bá fi ìràwọ̀ díwọ̀n, 360.98 ni, torí ayé tún ń rìn yí oòrùn po nígbà tó ń yí. Wọ́n gé ìdá tó wà lẹ́yìn àmì kúrò.

Ti Apollo 8 sún mọ́ ìyẹn. Orí ìràwọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibi-tí-a-wà dúró lé. Pèpéle tó ní jaírò mẹ́ta (àgbá tó ń yí kíákíá, tí kì í fẹ́ yí ìhà padà) ló ń di ìhà kan mú láìyẹsẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni jaírò ń yẹ̀, torí náà wọ́n ń fi P52 tún un ṣe: yan ìràwọ̀, fi ẹ̀rọ ìwòran tó ń sọ nǹkan di ńlá nígbà 28 mú un, tẹ bọ́tìnnì MARK, ṣe ìràwọ̀ kejì bákan náà. Kọ̀ǹpútà á fi igun tí o rí láàárín ìràwọ̀ méjèèjì wé èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀, á fi ìyàtọ̀ hàn ní NOUN 05. 00000 ni gbogbo wọn ń lépa. Ìràwọ̀ 37 ló wà nínú àkójọ náà, nọ́ńbà wọn wà ní ìṣirò ìpìlẹ̀ mẹ́jọ (tí kò ní 8 tàbí 9), 1 dé 45. Nígbà tí Apollo 8 ń bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá 1968, Jim Lovell fẹ́ ìràwọ̀ 01, ṣùgbọ́n ètò 01 ló pè. P01 ni ètò tí wọ́n ń lò kí rókẹ́ẹ̀tì tó gbéra nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà rò pé Florida ni òun wà, ìhà pèpéle sì bàjẹ́. Ó ní láti fi ìràwọ̀ tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Margaret Hamilton, tó darí àwọn tó kọ ètò, ti bẹ̀bẹ̀ ṣáájú pé kí wọ́n jẹ́ kí ètò kọ irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní arìnrìn-àjò òfuurufú tó ti kọ́ṣẹ́ kò ní í ṣe é.

Tọ́pẹ́_V37:

Ẹ̀gbọ́n Olóòfà, ẹ ṣèlérí Apollo 14.

Olóòfà:

N kò gbàgbé. Ọjọ́ 5 oṣù kejì 1971 ni. Kí Alan Shepard àti Edgar Mitchell tó bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, Houston rí i pé bíìtì bọ́tìnnì ABORT (bọ́tìnnì ìsápadà) ń tàn láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí Mitchell fi ọwọ́ gbá pátákó. Bíìtì náà kú, ó tún tàn. Ègé òjé kékeré kan ló jọ pé ó ń léfòó nínú súwíìsì náà. Bí wọ́n bá tan ẹ̀ńjìnnì tí bíìtì yẹn sì wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbé wọn padà sókè lójijì. Híhun ni ètò, kò ṣeé yí. Ìrántí tó ṣeé kọ nìkan ni ọ̀nà. Don Eyles ní MIT ló rí i, láàárín wákàtí díẹ̀ (E ni bọ́tìnnì ENTER):

V21N1E 1010E 107E, kí ẹ̀ńjìnnì tó tàn
V25N7E 101E 200E 1E, lẹ́yìn tó ti tàn
V25N7E 105E 400E 0E
V21N1E 1010E 77E

Ìtẹ̀ 61 ni. 1010 ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kọ nọ́ńbà ètò tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Ìlà kìíní tan kọ̀ǹpútà jẹ pé P71 ló wà, ìyẹn ọ̀kan lára ètò ìsápadà, torí náà apá ètò tó ń ṣọ́ bọ́tìnnì ABORT á rò pé wọ́n ti ń sá padà tẹ́lẹ̀, kò sì ní í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn tún dí ìdarí lọ́wọ́. Nítorí náà, ìṣẹ́jú àáyá 26 lẹ́yìn tí ẹ̀ńjìnnì tàn, ọwọ́ ni wọ́n fi tì í lọ sí agbára kíkún, ìlà kejì sì sọ fún ìdarí pé kó bẹ̀rẹ̀. Ìlà kẹta pa LETABORT, bíìtì tó ń gba bọ́tìnnì náà láàyè. Ìlà kẹrin dá orúkọ P63 padà.

Adéògo_K:

71 ni P71, kí ló dé tí wọ́n tẹ 107? Kí ló sì dé tí wọn kò kàn pa LETABORT láti ìbẹ̀rẹ̀?

Olóòfà:

Ìpìlẹ̀ mẹ́jọ ni: 1 lọ́nà 64, 0 lọ́nà 8, 7 lọ́nà 1, ó jẹ́ 71. Bákan náà 77 jẹ́ 63.

LETABORT ńkọ́: ètò ìbalẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tan bíìtì yẹn bí ẹ̀ńjìnnì bá tàn. Bí o bá pa á ṣáájú, á tún tàn, òjé náà lè kàn án kí ọwọ́ rẹ tó dé bọ́tìnnì. Ìdí nìyẹn tí irọ́ P71 fi gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ẹ sì rántí ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: láti ìgbà náà bọ́tìnnì ABORT kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ sá padà, wọ́n ní láti tẹ V37E70E, ìyẹn láti fúnra wọn pe ètò P70.

Àìná_Bíìtì:

Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Virtual AGC tí Ron Burkey bẹ̀rẹ̀, tó ń ṣe bí AGC lórí kọ̀ǹpútà òde òní, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò Apollo 11 ni Luminary099 fún Eagle, Comanche055 fún Columbia. yaYUL ló ń sọ kóòdù di ìrántí, yaAGC ló ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà, yaDSKY2 ni bọ́tìnnì àti ojú rẹ̀. Port kan náà (nọ́ńbà ọ̀nà tí wọ́n fi ń bára sọ̀rọ̀) ni kí ẹ fún yaAGC àti yaDSKY2, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú á dúdú, ẹ ó sì máa rò pé kò ṣiṣẹ́.

Bí ó bá tàn, ẹ tẹ V35E: gbogbo iná á tàn, 88888 á hàn ní ìlà mẹ́ta. V37E00E mú un lọ sí P00, ìyẹn ìsinmi. V16N36E ń fi aago rẹ̀ hàn. Bí ìró bá dún, V05N09E á fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn, bọ́tìnnì RSET á pa iná.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni OPR ERR, iná tó ń sọ pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣàṣìṣe. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ nọ́ńbà onídẹ́símà, ẹ kọ́kọ́ tẹ + tàbí −, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà márùn-ún pé, òdo ṣíwájú bí ó bá kéré. Láìsí àmì, ìpìlẹ̀ mẹ́jọ ló kà á sí. Bí ẹ bá tẹ 8 tàbí 9 níbẹ̀, OPR ERR á tàn lójú ẹsẹ̀.

Tọ́pẹ́_V37:

V16N36E ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà kẹta ń ka 04217, ó ń sáré, kò sì ju 05999 lọ kó tó padà sí òdo. Ṣé àṣìṣe ni?

Àìná_Bíìtì:

Kì í ṣe àṣìṣe. Ìlà kìíní jẹ́ wákàtí, ìkejì jẹ́ ìṣẹ́jú, ìkẹta jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. DSKY kò ní àmì ìdá, ìwọ ni wàá fi sí i lọ́kàn ara rẹ. 04217 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 42.17.